Omi Àdúgbò Wa

Mo rántí ìgbà tí òórùn ọṣẹ kì í kúrò lára mi. Alágbàfọ̀ ni mí nígbà náà. Ní òwúrọ̀, mo máa ń fọ aṣọ nílé màdámù kan ní Àpápá, níbi tí omi ti ń dà nínú ilé àti níta. Ní ìrọ̀lẹ́, màá padà sí Boundary ní Ajégúnlẹ̀, màá lọ tò fún omi bíi ti gbogbo ará ilé.

Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà lẹ́nu ọ̀nà wa ló bá òṣèlú kan sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbẹ́ bọ́họ̀ọ̀lù sí àdúgbò. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ fọ̀ nílé lẹ́yìn iṣẹ́ màdámù, mo sì ń pe ara mi ní ọ̀gá. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí òṣèlú náà máa gbà padà.

Ọjọ́ ìbò la tó mọ̀. Onítáyà yìí kó àwọn géńdé wá, wọ́n fi igi tú ìlà ìdìbò wa ká. Bàbá télọ̀ tí yàrá wọn kángun sí tèmi kọ̀, wọn ò kúrò lórí ìlà. Onítáyà fi igi gbá wọn lọ́wọ́ ọ̀tún, egungun ọwọ́ náà sì kán. Mi ò jìnnà sí wọn rárá. Nígbà tí ọlọ́pàá wá béèrè ẹni tó ṣe é, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan nínú ilé wa, èmi náà kò rí i.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún màdámù, wọ́n bi mí bí a ṣe ń bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ gbé.

“Ẹ má bínú, mà,” ni mo wí, “ẹ̀yin ní omi nínú ilé yín.”

Mo rò pé mo gbọ́n lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo délé, mo pọn omi kẹ́ẹ̀gì méjì lọ kí bàbá télọ̀. Bí a ṣe máa ń kí aláìsàn nílé wa nìyẹn, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti ro ibi tí omi náà ti wá.

“Gbé e padà, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Omi yẹn ti wọ́n jù fún mi.”

Wọn ò lè ránṣọ mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ojú tì mí gan-an. Síbẹ̀, mo fi omi náà fọ aṣọ oníbàárà.

Nísinsìnyí, mo ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ tèmi ní Àpápá, omi kì í sì í wọ́n wa. Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, àwọn oníbàárà máa ń bi mí bí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ṣe ń gba jàgídíjàgan láyè. Mo máa ń mi orí, màá ní kò yé èmi náà. Ó yé mi dáadáa.