Ohùn Inú Apá Kejì

Kò sí ọmọ àdúgbò tí orúkọ bàbá yìí kò tíì pa lẹ́rìn-ín rí. Iṣẹ́ bábà ló ń ṣe, ó sì ti dàgbà, ni wọ́n bá kúkú sọ ọ́ di Bàbá Bábà. Ẹni tó bá ń júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún àlejò ní láti rọra pe orúkọ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dà bí akólòlò. Bàbá kì í bínú sí i. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi pè é, kò sì sí ẹni tó tún mọ̀ ọ́n pè bíi tirẹ̀.

Ìyàwó yẹn ni gbogbo èèyàn mọ̀ sí Olóhùn. Ibùdókọ̀ ojú irin ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń sọ ọ́ lórí ẹ̀rọ pé ọkọ̀ báyìí ti dé, ọkọ̀ báyìí fẹ́ gbéra, kí èrò sún kúrò létí ojú irin. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì le, ṣùgbọ́n tó bá ní kí èèyàn sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ onítọ̀hún á ti sún kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe fíìmù ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wọn pẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe fíìmù nípa ọkọ̀ ńlá kan tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀, tí àwọn ọmọ ogun onírin ń lé kiri, àwọn sì ń wá ẹni tó máa jẹ́ ohùn ọkọ̀ náà. Olóhùn rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó yá ó tẹ̀ lé wọn, ó sọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀nba tí wọ́n gbé fún un, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Fíìmù náà, Ọkọ̀ Tí Kì Í Sùn, wá gbòde. Ìjà inú rẹ̀ kò pọ̀ jù. Ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Ọkọ̀ yẹn kì í sọ̀rọ̀ lásán. Tó bá sọ pé, "Ẹ di ara yín mú," àwọn tó ń wòran náà á di àga wọn mú. Nígbà tí fíìmù ń parí lọ, ó ti ara rẹ̀ mọ́ inú iná kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ lè ráyè sá lọ. "Ilẹ̀kùn ń tì" ló sọ kẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin ńláńlá á jáde ní ilé sinimá, wọ́n á máa ṣe bí ẹni pé nǹkan kó sí wọn lójú.

Àìsàn tó mú Olóhùn lọ, ọ̀fun ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn ló kọ́kọ́ lọ, ara ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e. Ní ilé ìwòsàn, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló máa ń fún tó bá fẹ́ nǹkan, ọkọ á sì máa méfò: ṣé omi ni, ṣé ìrọ̀rí ni, ṣé ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù? Nọ́ọ̀sì ni ọmọ wọn obìnrin, òun nìkan ni wọ́n bí, òun náà ló sì tọ́jú ìyá rẹ̀ títí tó fi dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ilé bá ti dá ju agbára bàbá lọ, ó máa ń tan fíìmù yẹn nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Kì í wò ó. Á kẹ̀yìn sí i, á máa fọ àwọn kóòmù rẹ̀, á sì máa gbọ́ ọ.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ìròyìn dé pé wọ́n ti ṣe apá kejì. Ṣọ́ọ̀bù kò gbèrò mọ́. Àwọn tí kò tilẹ̀ ní irun lórí wá jókòó nítorí àríyànjiyàn. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, ọ̀rẹ́ bàbá láti ìgbà èwe, ní apá kejì kankan kò bá àkọ́kọ́ mu rí láyé yìí, pé owó ni wọ́n fi ń wá. Ẹlòmíràn ní tiẹ̀ fẹ́ mọ bí ọkọ̀ tó ti jóná ṣe máa tún rìn. Bàbá ń gẹrun lọ ní tirẹ̀, kò dá sí i. Ohun tó ń rò ni ta ni wọ́n máa fi rọ́pò Olóhùn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ ẹni ẹlẹ́ni yẹn kẹ́dùn nínú ọkàn rẹ̀, nítorí ẹrù ńlá ni wọ́n fẹ́ gbé rù ú.

Ọmọ rẹ̀ ló mú tíkẹ́ẹ̀tì wá. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n lọ, ilé sinimá sì kún dẹ́nu ọ̀nà. Òkùnkùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà. Ojú pátákó ìwòran dúdú kirikiri, kò sí ìró kankan, àfi ìgbà tí ohùn kan sọ pé, "Mo ti jí."

Ohùn Olóhùn ni. Orí bàbá wú. Ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Nígbà tó yíjú sí i, ó rí i pé pátákó kọ́ lọmọ ń wò, òun ló ń wò. Bó ṣe mọ̀ nìyẹn pé ọmọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ká sòótọ́, fíìmù náà dára. Àwọn ọmọ ogun onírin pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n lé ọkọ̀ yẹn wọ àárín òkúta tó ń yí kiri, wọ́n fi iná gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń fò láàárín wọn bí ẹyẹ. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí kò panu mọ́. Ó ń ṣàwàdà, ó ń kọrin, ó ń halẹ̀ mọ́ ọ̀tá. Olóhùn tí bàbá fẹ́ kò halẹ̀ mọ́ adìyẹ rí. Ọkọ̀ yìí kò sì mí. Nínú ti àkọ́kọ́, èèyàn á gbọ́ ọ tó fa èémí díẹ̀ sínú kó tó sọ̀rọ̀; eléyìí kàn ń sọ ọ́ lọ ni, bí ẹni tí kì í rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ṣìnà nínú èéfín, tí ohùn yẹn rọlẹ̀ tó ní, "Má bojú wẹ̀yìn. Mo ti rí ọ̀nà," omi bọ́ lójú bàbá, inú sì bí i sí ojú ara rẹ̀.

Wọ́n jáde dé ibi tí èrò ti fọ́nká.

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i, Bàbá," ni ọmọ wí.

Ó wá ṣàlàyé pé àwọn tó ṣe fíìmù náà ló wá bá òun, pé wọ́n kó ohùn ìyá òun láti inú àkọ́kọ́ àti láti inú àwọn ìkéde ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì kọ́ ọ títí tó fi lè sọ ohunkóhun.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ṣé ẹ máa gbà ká ní mo sọ fún yín?" ni ọmọ bi í. "Ohùn Màámi ti lọ kí Màámi fúnra wọn tó lọ. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohun tí mi ò tíì gbọ́ lẹ́nu wọn rí."

Bàbá kò bá a wí. Ó mọ̀ pé bó bá jẹ́ òun ni wọ́n wá bá ní ọjọ́ tí ilé dá jù, òun náà lè fọwọ́ sí i.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ fíìmù ti kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn ni nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń gbá irun ilẹ̀ jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ni ọkàn rẹ̀ bá lọ sí ilé ìwòsàn. Ó rí kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, ó rí oòrùn tó rọra wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rí Olóhùn tó yí ojú lórí ìrọ̀rí, tó ní, "Ẹ má bojú wẹ̀yìn. Mo ti rí ọ̀nà." Ara bàbá tù ú. Ó yà á lẹ́nu pé òun ti gbàgbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń tọ́ ọ lá bí ẹni tó ní oyin nílé, títí di ọjọ́ tó sọ ọ́ fún télọ̀. Télọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ ló sọ ìyẹn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ tutù. Ní ọjọ́ Àìkú, ọmọ wá kí i ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó kó tó béèrè.

"Kí ni ìyá rẹ sọ kẹ́yìn?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan, Bàbá. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ó ní kí n má bojú wẹ̀yìn."

"Inú fíìmù nìyẹn."

"Nínú fíìmù, 'má bojú wẹ̀yìn' ni. Ohun tó sọ fún èmi ni 'ẹ má bojú wẹ̀yìn'. Ìyá rẹ ò pè mí ní 'ìwọ' rí láyé."

Ọmọ tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ rí oríṣiríṣi jókòó sórí àga ìgẹrun. Ó yé e pé inú bàbá òun ti gba ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà wọlé, ó ti wọ̀ ọ́ láṣọ, ó ti kọ́ ọ ní ìwà ìyá òun. Ó wá sunkún níbẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì. Bàbá ní kó nu ojú rẹ̀, àwọn oníbàárà ń kọjá.

Láti ìgbà náà ni bàbá kò ti fọkàn tán ìrántí rẹ̀ mọ́. Bí Olóhùn bá sọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, á dá a dúró bí ọlọ́pàá: níbo lo ti ń bọ̀? Ọ̀rọ̀ tó sọ fún un nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà, ṣé òun ló sọ ọ́, àbí inú fíìmù ni? Ìgbà míì, ariwo ẹ̀rọ ìgẹrun á dà bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó tilẹ̀ kó fíìmù àkọ́kọ́ náà sínú àpótí, nítorí ìgbà tó tan án kẹ́yìn, ó gbọ́ èémí yẹn, kò sì dá a lójú mọ́ bóyá òun ló ń fi kún un.

Ọmọ rẹ̀ ló wá ọgbọ́n kan dá. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, á jókòó tì í, wọ́n á jọ máa wá ọ̀rọ̀ tí fíìmù kò lè mọ̀. "Ta ló gbé síbí mi?" ni ọmọ mú wá. Bàbá rántí, "Ẹ bá mi ti fèrèsé, òjò ń bọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ti síbí. Bàbá ní ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀, ọbẹ̀ wo ló fẹ́ bù? Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kan òjò, bàtà, ìyọ̀ àti kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n kà sí ti Olóhùn. Ó ran bàbá lọ́wọ́. Kò ran án lọ́wọ́ tán.

Nígbà tí àwọn oní-fíìmù tún pe ọmọ nítorí apá kẹta, ó wá bi bàbá rẹ̀ kó tó dá wọn lóhùn. Bàbá bi í pé kí ni ọkọ̀ máa sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ ní wọn kò tíì sọ.

"Sọ fún wọn pé ó ti fẹ̀yìn tì," ni bàbá wí.

Ọmọ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọ́n sì wá ohùn ẹlòmíràn.

Títí di òní, bí oníbàárà bá jókòó tó sì béèrè bóyá apá kejì bá àkọ́kọ́ mu, bàbá kì í purọ́ fún un. Á ní ìjà ti ìkejì dùn jù, pé ti àkọ́kọ́, ó ti pẹ́ tí òun ti wò ó. Á wá máa gẹrun lọ. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ń gbálẹ̀, tí oòrùn bá rọra yọjú wọlé, obìnrin kan á yí ojú lórí ìrọ̀rí, á la ẹnu. Bàbá á ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á yára bọ́ síta kó má baà gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó rí.