Pátákó Abẹ́ Ọkọ̀

Ọkọ àǹtí mi kì í lè jókòó pẹ́. Tí wọ́n bá wá kí mi ní Yaba, wọ́n á máa fi ìka kan ilẹ̀kùn, kan tábìlì, wọ́n á dẹtí bóyá igi náà ti ń jẹrà. Ọkọ̀ onígbòkun àlòkù tí wọ́n rà, tí wọ́n so mọ́ òpó ní Makoko, ló kọ́ wọn ní àṣà yìí. Wọ́n ti ra fìlà ọ̀gá atukọ̀ kí wọ́n tó ra ìgbòkun.

Pátákó kan wà lábẹ́ ọkọ̀ náà tí wáyà ń fà sókè tí omi ò bá jìn, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ibú, kí atẹ́gùn má baà ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á ha ẹrẹ̀ ara rẹ̀, wọ́n á kun gíríìsì, wọ́n á pààrọ̀ wáyà tí kò já. "Ó ku díẹ̀," ni wọ́n máa ń sọ. Ọdún mẹ́fà kọjá, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan.

Ní Sátidé kan, àǹtí mi gbé oúnjẹ wọ inú ọkọ̀, wọ́n jókòó. Àwọn fúnra wọn ló tú wáyà, pátákó lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n fà á, ó gòkè.

"Dádì, kí ló kù?" ni wọ́n bi ọkọ wọn.

"Jẹ́ kí n kun gíríìsì sí i."

"Èyí tẹ́ ẹ kùn láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀."

Ọkọ wọn wo ojú ọ̀run, wọ́n wo okùn, wọ́n wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Tá a bá lọ, tí nǹkan kan ò bàjẹ́, kí ni màá máa ṣe ní Sátidé?"

Àǹtí mi ti ń tú okùn kúrò lára òpó. "Ẹ ó máa gbé mi lọ síbòmíràn."