Ojúgun Tí Ọlákìtán Kò Dárúkọ

Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Eyín mẹ́rin ló ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu, mo sì fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin búra. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń sọ pé bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, màá gòkè pa dà pẹ̀lú ìtàn pé ẹfọ̀n lé mi ní Festac. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ Ọlákìtán yìí ṣojú mi kòró, orí àga oníke ni mo jókòó sí tí mo ń wò ó.

Bíọ́dún, bàbá rẹ̀, ni ọ̀rẹ́ mi. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ la jọ ṣe, ìgbà kan náà ni wọ́n fún wa nílé níbí, èmi lájà kẹta, òun lájà kejì. Bíọ́dún ò pẹ́ láyé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó kàn rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọlákìtán ló bá a níbẹ̀.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Alákijà, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó wò ó lójú, ó wá bi í pé kí ló pa bàbá rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó gòkè wá bá mi.

"Dádì, ó ní kí n máa sáré. Ó ní bí mi ò bá ṣe nǹkan kan, ọ̀nà tí Dádì mi gbà lọ ni mo wà yìí."

"Sáré nígbà náà. Èmi á máa bá ẹ mí."

Báyìí ló ṣe bọ́ sáàárín àwọn tó ń sáré láàárọ̀ Sátidé. Ọmọ Festac ló pọ̀ nínú wọn, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí ikùn ti ń yọ díẹ̀díẹ̀. Dennis ni kóòṣì wọn. Olùkọ́ eré ìdárayá ni ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Satellite Town, ọmọ Edo tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tí mo bí lọ. Iwájú ilé wa ni wọ́n ti máa ń gbéra, èmi tí wọ́n ń pè ní Gíráńpà ni mo sì ń ṣọ́ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ wọn. Nínú gbogbo ipò tí mo dé láyé, òun ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òógùn tó jáde lára Ọlákìtán, ẹ lè fi fọ mọ́tò méjì. Ṣùgbọ́n ó tẹra mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí oorun sùn, ohun tí kò rí ṣe dáadáa láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Mo ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀ tó ń kọrin nínú ilé ìdáná. Bí eré yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ ohun tó ń dúró de òun.

Dennis fẹ́ràn ẹsẹ̀ èèyàn bí mẹkáníìkì ṣe fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì. Orúnkún tirẹ̀ ti bàjẹ́ láti kékeré. Kí wọ́n tó gbéra, á mú wọn na ara, á ní kí wọ́n má ṣe fi ọ̀nà kún ọ̀nà lójijì, kí wọ́n máa sinmi láàárín ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà á bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé níbo ló ń dùn wọ́n. Ó ní èyí tó bá tàn káàkiri inú ẹran ara, àárẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí tí ìka kan ṣoṣo lè bò lórí egungun, kí ẹni náà yáa pa dà sílé.

Ṣé ẹ rò pé ẹnikẹ́ni dá a lóhùn?

"Ara mi le lórúkọ Jésù."

"Ìrora kọ́ ni ìpín mi, kóòṣì."

"Dáadáa ni, dáadáa ni, fọn fèrè jàre."

Wọ́n ti kọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àìsàn ti ṣílẹ̀kùn fún un nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì tèmi ti àtijọ́ ni, a máa ń ráhùn níbẹ̀ dáadáa, orin wa pàápàá ń ráhùn. Dennis á mi orí, á fọn fèrè, wọ́n á lọ.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ń múra fún eré ọlọ́nà jíjìn kan. Ọlákìtán wá ń sáré lójoojúmọ́, á dé Ijegun-Egba kó tó lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí i tó ń fẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ọlákìtán, ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́ ni?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu yín sọ bẹ́ẹ̀."

"Ojú ni mo fi rí i. Mi ò tíì lo ẹnu."

"Mò ń na ara ni, sà."

"A jẹ́ pé ara ni akàn náà ń nà látọjọ́ yìí."

Nígbà tó rò pé mo ti wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tẹ iwájú ojúgun òsì rẹ̀. Ìka kan péré. Ó di ojú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó máa lọ.

Mo sọ fún Dennis. Ní Sátidé, ó lọ dúró níwájú rẹ̀. "Àǹtí Kítán, níbo ló ń dùn yín?"

"Kò síbì kankan, Dennis. Má pè é wá sórí mi."

"Gíráńpà ní ẹ ń fẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀."

"O ò mọ Gíráńpà ni? Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun rí ọ̀nì nínú gọ́tà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Ọlákìtán ló kẹ́yìn, ó ń gbé ẹsẹ̀ òsì bí ẹni tó ń tẹ ẹyin iná. Ó dé ibi tí wọ́n ti fi kọnkéré bo gọ́tà, kò ju ìwọ̀n ìsọ̀kò kan lọ sí àga mi. Ó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì tẹ̀ níbi tí kò ti sí oríkèé.

Dennis ló gbé orí rẹ̀ lé itan. Ohun kan náà ni Ọlákìtán ń sọ ṣáá títí ọkọ̀ fi dé: "Mi ò sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́ rárá."

Dókítà ní egungun náà ti sán tipẹ́, bíi fọ́nrán òwú. Ká ní ó sinmi nígbà náà ni, á ti jinná fúnra rẹ̀. Wọ́n ki irin bọ̀ ọ́. Kò jinná dáadáa, wọ́n tún un là. Níkẹyìn wọ́n ní ó lè máa rìn, ṣùgbọ́n kó gbàgbé eré sísá.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí i. Ọ̀kan nínú wọn bi í pẹ̀lú ìfẹ́ pé ibo ló ti ṣílẹ̀kùn. Ó kọjú sí ògiri títí wọ́n fi dìde. Orin tán nínú ilé ìdáná. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún gòkè, oògùn sì ń pọ̀ sí i lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nígbà kan ó sọ fún mi pé, "Dádì, ní àsìkò eré ni mo ṣì ń jí. Ẹsẹ̀ mi ló ń jí mi. Kò tíì mọ̀."

Ó pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ ní Sátidé, pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ abíyá. Mo fún un ní àga mi, mo sì dúró, orúnkún mi ṣì kéré, kò ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ. Dennis bi wọ́n bó ṣe máa ń bi wọ́n, wọ́n sì dáhùn bí wọ́n ṣe máa ń dáhùn. Samson wà níbẹ̀, awakọ̀ tánkà epo, ó tóbi débi pé bó bá dúró sójú oòrùn, ìdajì àdúgbò á ní ibòji. "Ìrora ló ń sá fún èmi, kóòṣì," ó ní, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ló fi dúró.

"Dennis, yọ fèrè yẹn lẹ́nu," Ọlákìtán ní. "Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná."

Ta ló máa kọ àdúrà?

"Ẹ dijú yín. Kí kálukú fọwọ́ lé ibi tó fẹ́ kí Ọlọ́run fọwọ́ kàn." Ó wá fa aṣọ Dennis, ó rọra ní, "Ìwọ má dijú."

Èmi náà ò dijú, àgbàlagbà ni mí. Ọwọ́ ń lọ sórí orúnkún, ọwọ́ ń lọ síbàdí. Stella, obìnrin kan tó ní òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀, dúró lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékeléke, ó di gìgísẹ̀ mú. Samson bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan tẹ ojúgun. Dennis ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Mo wo ibi tí ọwọ́ Ọlákìtán wà. Kò gbé e lé ẹsẹ̀. Àyà òsì ló wà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀.

Wọ́n ṣe àmín.

"Samson, ìwọ ò ní sáré lónìí."

"Kí ni mo ṣe, àǹtí? Mi ò sọ nǹkan kan."

"O ò sọ nǹkan kan lóòótọ́. Mo rí ibi tí ìka rẹ wà."

"Ìgbàgbọ́ ni mo fi gbé e síbẹ̀."

"Kí ìgbàgbọ́ náà sinmi títí egungun á fi jinná. Wá jókòó tì mí."

Samson kùn, ó pe Dennis, Dennis wo òkè. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ọmọ tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dá Stella náà dúró. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn yòókù gbéra. Ọlákìtán ń wò wọ́n títí wọ́n fi yà sí igun, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ ti ń wò mí. Ó dáa. Gbogbo ohun tí mo sọ rí bẹ́ẹ̀, títí kan ọ̀nì inú gọ́tà. Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fi ẹ̀rín yẹn kún un, torí ó ṣòro fún mi láti fi í sílẹ̀ síbẹ̀ láìfún un ní nǹkan kan.