Wọ́n Ní Àwọn Á Yọ Owó Orí

Iwájú ilé tí a yá ní Ìkòtún ni mo ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata fún àwọn ará àdúgbò. Inú yàrá méjì la ń gbé: èmi, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe olùkọ́ ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, àti ọmọ rẹ̀ méjì. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Nígbà tí onílé fi kún owó ilé, ọmọ mi lọ wo yàrá kan tí owó rẹ̀ rọjú ní Àgbàdo. Yàrá náà kò lè gba gbogbo wa. Ó ní kí n máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun n'Íbàdàn. Mi ò fẹ́ kí a túká.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkọ̀ ìpolongo ìbò gba ọ̀nà wa kọjá. "A ó yọ owó orí! A ó yọ ọ́!" Mo pa ẹ̀rọ kí n lè gbọ́ dáadáa. Oṣooṣù ni wọ́n ń gé owó orí ọmọ mi kí owó rẹ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Mo rò ó pé bí wọn ò bá gé e mọ́, a lè fi dí àlékún owó ilé.

"Má tíì sanwó Àgbàdo yẹn o," mo wí fún un. "Dúró ná."

"Màámi, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n ní àwọn á yọ ọ́."

Ó dúró. Èmi ni mo dá a dúró.

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ìpàdé níwájú ilé alága àdúgbò, àwọn aṣojú olùdíje méjì tó ń gbégbá ìbò náà sì wá. Mo dìde, mo bi ọkùnrin tó wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó orí tẹ́ ẹ ní ẹ máa yọ, ṣé ẹ máa yọ ọ́ kúrò ni, àbí ẹ máa yọ ọ́ nínú owó wa?"

Télọ̀ kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. "Màmá, ẹ bá wọn débẹ̀ jàre! Ṣé bí ẹni yọ ẹ̀gún ni, àbí bí ẹni yọ ẹran nínú ìkòkò onítọ̀hún?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní irú àwa tówó wa kéré kò ní san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tówó oṣù rẹ̀ bá kọjá ìlà kan á máa san án lọ. Ọmọ mi tó dúró tì mí rọra sọ iye owó oṣù tirẹ̀ fún un.

"Háà, àǹtí, ẹ ti kọjá ìlà. Díẹ̀ báyìí ni ṣá."

Díẹ̀ báyìí! Ẹni tó ń bọ́ ọmọ méjì àti ìyá, olówó ni lójú wọn. Owó orí tí wọ́n sì fẹ́ yọ kúrò fún mi, mi ò san án rí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn agbowó ń já fún mi lójoojúmọ́ nídìí ẹ̀rọ ni mò ń san. Mo béèrè ìyẹn náà, wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ín.

Obìnrin tó wá láti ọ̀dọ̀ olùdíje kejì wá ní àwọn yóò dín owó orí òṣìṣẹ́ kù, owó orí tó wà lórí ọjà ni àwọn á fi díẹ̀ kún.

"Ọjà wo?"

"Gbogbo ẹ̀ náà ni, màmá. Ọṣẹ, epo, pẹtiróòlù."

Pẹtiróòlù ni ẹ̀rọ mi ń mu. Mo jókòó. Ohun tí wọ́n bá fi sọ́wọ́ ọmọ mi, wọ́n á gbà á padà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ inú ìkòkò kan náà la ti ń jẹun.

Nígbà tí ọmọ mi pe onílé Àgbàdo, ẹlòmíràn ti gba yàrá náà. Èyí tó padà rí jìnnà ju ibẹ̀ lọ, ó ti wọnú ìpínlẹ̀ Ògùn lọ dáadáa, kò sì lè gba èmi náà; Ìbàdàn ló kù tí mo máa lọ. Kò bá mi wí. Ì bá tilẹ̀ sàn kó bá mi wí.

Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n kẹ́rù, mo bá a gbé mátíràsì kan sínú ọkọ̀.

"Màámi, lẹ́yìn gbogbo eléyìí, ta lẹ máa dìbò fún?"

Mo gbọn eruku ọwọ́ mi nù. Èyí tó jẹ́ àbúrò nínú àwọn ọmọ rẹ̀ yọjú láti inú ọkọ̀, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ wọlé, a ti fẹ́ máa lọ."

Mo ní mò ń bọ̀. Ọmọ mi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.