Kọ́mọláfẹ́ Ayàwòrán àti Ẹ̀yìn Ìyá Adétóun

Kọ́mọláfẹ́ ará Ofin ní Ṣàgámù kì í ya ènìyàn òde òní. Ara ọkọ̀ akẹ́rù ní gáréèjì Ògèrè ló ti fi ọ̀dà kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí irun rẹ̀ ń funfun, àwọn ará àtijọ́ nìkan ló kù tó ń yà: ìyàwó tó ró sányán, ìjòyè tó da àlàárì bo èjìká. Ìlà aṣọ kọ̀ọ̀kan ni yóò fi bírọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ fà. Bí o bá ní kó fo ọ̀kan, yóò bi ọ́ pé, "Ṣé ahunṣọ fò ó ni?"

Ní ọdún 1994, lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, màmá kan tó ń jẹ́ Adétóun wá bá a láti Ìsarà. Arúgbó náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó tú ìdì kékeré kan, ó fa ọ̀já ẹtù yọ. Aró rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ìlà funfun tín-ín-rín inú rẹ̀ ò tíì parẹ́.

"Ọmọ mi, ọ̀já tí ìyá mi fi pọ̀n mí nìyí. Wọn ò tíì já mi lẹ́nu ọmú tí wọ́n fi lọ. Bá mi yà wọ́n. Mo fẹ́ rí wọn kí n tó lọ bá wọn."

"Màmá, ta ló mọ ojú wọn?"

"Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú tán. Fọ́tò ò sì sí lọ́dọ̀ tiwa nígbà yẹn."

Kọ́mọláfẹ́ ya ojú kan, ó pa á rẹ́. Ó ya òmíràn, ó jọ ìyàwó tirẹ̀ nígbà tó bá ń bínú; ó fà á ya. Oṣù méjì kọjá. Ó mọ ìró tí obìnrin ìgbà náà ń ró mọ́ àyà lọ sódò, ó mọ irun ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ó mọ iyùn ọrùn. Ojú ni kò mọ̀, kò sì fẹ́ purọ́ ojú fún ọmọ tó ń wá ìyá.

Nígbà tí Màmá padà dé, Kọ́mọláfẹ́ ṣí àwòrán náà. Obìnrin kan ń lọ sódò, agbè lọ́wọ́, ìlà ẹtù ara rẹ̀ pé pérépéré. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wọn.

Omi lé sí Màmá lójú.

"Wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, wọ́n tún kẹ̀yìn sí mi."

"Wọn ò kẹ̀yìn sí yín, Màmá. Wọ́n pọ̀n yín ni. Ẹ wo orí ọmọ lókè ọ̀já. Ọmọ tí a pọ̀n kì í rí ojú ìyá rẹ̀. Ẹ̀yìn ló mọ̀. Ohun tí ẹ̀yin gan-an rí lára wọn ni mo yà."

Arúgbó náà sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà.

"Ọwọ́ mi dà?"

"Ó wà nínú aṣọ, Màmá."

"Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní n kì í gbà kí wọ́n di ọwọ́ mi mọ́ aṣọ. Igbe tí mo bá ké, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Fa ọwọ́ mi yọ, kí n fi dì wọ́n mú."

Kọ́mọláfẹ́ wo ìlà ẹtù tó fi oṣù méjì fà, tí kò fo ọ̀kan. Ó po ọ̀dà àwọ̀ ara, ó sì fi ọwọ́ kékeré kan bo ìlà mẹ́rin ní ìhà obìnrin náà, ìka márààrún dì í mú gírígírí.

Màmá ò kúrò níbẹ̀ títí ọ̀dà fi gbẹ.