Ìwọ̀ Tí Adéjùmọ̀kẹ́ Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Dì

Ní àdúgbò wọn ní Ṣógúnlé, kò sẹ́ni tí í gba Adéjùmọ̀kẹ́ nímọ̀ràn lórí òwú. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ìkìrun wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán l'Ékòó, òwú ni oúnjẹ rẹ̀. Ó lè máa tẹ máṣíìnì, kó máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kó tún máa bá Diamond ọmọ rẹ̀ wí, ojú ìrán aṣọ náà kò ní wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀ ẹja yẹn fi dùn ún wọ egungun.

Ẹ̀yìn ríro ló gbé e dé ìdí ẹja pípa. Nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé kó máa fi máṣíìnì sílẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó wá ohun tí yóò máa mú un dìde dúró, kó máa gba atẹ́gùn. Bọ̀dá Mísbáù, tó ń wa Márúwá láàárín Ìsọlọ̀ àti Okota, tí yàrá rẹ̀ sì kọjú sí tiwọn, ní kó tẹ̀ lé òun lọ sétí omi lápá Erékùṣù Èkó, níbi tí wọ́n kó òkúta ńláńlá sí kí ìgbì má baà jẹ ilẹ̀. Kọ́láolúwa ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ẹja kúta kan tó gùn tó apá rẹ̀ gbé ìwọ̀ mì. Kúta ń fà, Adéjùmọ̀kẹ́ ń fà. Nígbà tó máa fi délé, kò rántí mọ́ pé òun ní ẹ̀yìn.

Ìwọ̀ tí Mísbáù ń lò kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ekòló sí lẹ́nu. Òjé kékeré ló wà lórí rẹ̀, wọ́n á wá fi òwú di ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ọn nídìí, tó fi jẹ́ pé bí èèyàn bá ń fà á nínú omi, bí ẹja wẹ́wẹ́ tó ń sá lọ ló máa rí. Jíìgì ni wọ́n ń pè é. Aburú tó wà níbẹ̀ ni pé òkúta abẹ́ omi fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹja lọ. Kò pẹ́ rárá tí Adéjùmọ̀kẹ́ fi kó gbogbo jíìgì Mísbáù fún òkúta tán.

"Ìyá Diamond," ni Mísbáù wí, ó ń wo ike rẹ̀ tó ṣófo, "lọ máa di tìẹ fúnra ẹ. Ṣebí aránṣọ ni ẹ́."

"Òwú lásán-làsàn yìí náà lẹ ń ṣe bí iṣẹ́ abẹ látọjọ́ yìí?" ni Adéjùmọ̀kẹ́ dá a lóhùn. "Kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, màá ti di èyí tá a máa lò dọdún."

Mísbáù fún un ní ìwọ̀ olójé díẹ̀, kò sì sọ bí wọ́n ṣe ń dì í fún un. Ó yẹ kí ìyẹn ti fu ú lára.

Lọ́jọ́ kejì, ó yá fáìsì kékeré lọ́wọ́ wẹ́dà kan, ó fi di ìwọ̀ mú létí tábìlì, ó mú ìyẹ́ tó ṣà nílẹ̀ àgbàlá, ó bẹ̀rẹ̀. Ó wé òwú, òwú tú. Ó tún un wé, ìyẹ́ yí sábẹ́ ìwọ̀. Ó fà á le, òwú já. Ó mú òwú tí wọ́n fi ń rán jíǹsì, ìyẹn wá wú sórí ìwọ̀ bí egbò tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Ó kán gúlúù sí i, gúlúù fi ìyẹ́ sílẹ̀, ó lẹ ìka rẹ̀ méjì pọ̀. Diamond ló bá a bu omi gbígbóná wá.

"Mọ́mì, ṣé a ò lè ra ẹja ni?"

"Gbé omi yẹn sílẹ̀ kó o máa lọ!"

Nírọ̀lẹ́, Mísbáù yọjú. Ó yẹ iṣẹ́ náà wò bí ẹni tó ń wo kókó ara aláìsàn.

"Ìyẹ́ àyà adìyẹ nìyí. Ó ti rọ̀ jù. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ni wọ́n ń lò."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀ látàná?"

"O ò bi mí."

Adéjùmọ̀kẹ́ gbé omi mu kó má baà sọ̀rọ̀ tí kò dáa.

Àkùkọ kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà, ti Hassanat, ìyá Ìdrís tí wọ́n jọ ń gbé, ni. Funfun báláú, agbéraga, a máa rìn bíi lańdọ́ọ̀dù. Adéjùmọ̀kẹ́ fi àgbàdo tàn án, ó há a mọ́ àárín orúnkún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́ ọrùn rẹ̀. Igbe tí àkùkọ náà fi ta, àwọn ará ojúlé kejì gbọ́. Hassanat já jáde tòun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìyá Diamond! Ṣé láàyè lẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ fi pẹja ni."

Hassanat wo àkùkọ, ó wo Adéjùmọ̀kẹ́. "Ẹja lẹ fẹ́ pa, adìyẹ mi lẹ ń tu níyẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ pa ẹran ńkọ́, ṣé irun orí mi lẹ máa fà tu?"

Adéjùmọ̀kẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ṣèlérí pé òun máa bá a rán aṣọ iléèwé Ìdrís kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn dì í. Nígbà tó di Sọ́ńdè, jíìgì mélòó kan dùbúlẹ̀ nínú ike rẹ̀, wọ́n funfun, wọ́n gún régé.

Wọ́n dé etí omi lẹ́yìn ìsìn. Ó ju àkọ́kọ́. Jíìgì náà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú omi, ó ń pòòyì bí ewé. Ó ju èkejì. Ìyẹ́ já, ó ń léfòó lọ ní tirẹ̀, ìwọ̀ ń bọ̀ ní tirẹ̀. Ó gbọ́ tí Mísbáù ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn òun. Ó gbá ike náà mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá wí, Bọ̀dá Mísbáù! Látọjọ́ yìí lẹ ti ń fi mí ṣe tíátà. Tí ọmọ iṣẹ́ mi bá rán aṣọ tó wọ́, ṣé mo máa ń jókòó fi í rẹ́rìn-ín ni? Mo máa ń tú u, mo máa ń fi hàn án!"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Mísbáù. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ike náà nílẹ̀.

"Má bínú," ló wí. "Ó pẹ́ gan-an kí tèmi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, kò sì sẹ́ni tó kọ́ mi. Nígbà tó o ní òwú lásán ni, ó dùn mí. Mo ní kójú tìẹ náà rí i."

"Ó ti rí i. Ó tó!"

Mísbáù jókòó sórí òkúta, ó mú ìwọ̀ kan àti òwú jáde. "Wò ó. Tó o bá ń ránṣọ, aṣọ ló ń bá ẹ di òwú mú. Irin ò ní bá ẹ di nǹkan kan mú. Kọ́kọ́ fi òwú nìkan wé ìwọ̀ yìí látòkè délẹ̀, kí ìyẹ́ lè rí ibi jókòó sí. Pín ìyẹ́ náà dọ́gba sọ́tùn-ún sósì, òun ni kì í jẹ́ kó pòòyì. Má fà á le, ṣáà má dẹ ọwọ́. Tó o bá parí, ti ẹnu òwú bọ abẹ́ ara rẹ̀."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú tún bí Adéjùmọ̀kẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ nítorí pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gba ìwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi eyín já òwú, ó dì í níbẹ̀ nínú atẹ́gùn tó ń fẹ́ ìyẹ́ kiri. Ohun tó jáde kò lẹ́wà. Ó jọ ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Ó jù ú, ó ń fà á bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì rí i pé ó ń wá tààrà, ó ń mi ìdí. Kò tíì dé àárín méjì nígbà tí ọ̀pá ìpẹja rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ.

Kúta tó fà jáde kò tó nǹkan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Kọ́láolúwa fi ọwọ́ yí i nínú ọbẹ̀.

"Ẹja yìí mà kéré o."

"Ẹ bá mi gbé e sílẹ̀ tó bá kéré."

Kò gbé e sílẹ̀. Ó jẹ ẹ́ torí-torí, Diamond náà lá egungun. Nígbà tó di àárọ̀ Mọ́ńdè, Adéjùmọ̀kẹ́ ti jókòó sídìí fáìsì kó tó ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ó pín ìyẹ́, ó wé òwú, ó ku díẹ̀ kó parí, òwú já. Ó pòṣé kíkankíkan, ó tú gbogbo rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.