Scan Aboyún fún Ọmọ Ọdún Mẹ́sàn-án

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ya X-ray nínú tíátà ọsibítù kan nílùú òyìnbó. Bí dókítà bá ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ẹni tí òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀, èmi ni mo máa ń ti ẹ̀rọ ńlá kan wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí dókítà lè rí inú aláìsàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo wa ló máa ń wọ ẹ̀wù òjé, torí ìtànṣán X-ray kò mọ ìyàtọ̀ láàárín aláìsàn àti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀wù yẹn wúwo. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, mo máa ń dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó délé lẹ́bàá Woolwich Common.

Dókítà àgbà tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ fẹ́ràn X-ray bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Á gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì ẹ̀rọ náà, á gbàgbé ẹsẹ̀ síbẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lánàá fún wa. Èmi náà ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí àwòrán bá ti mọ́lẹ̀ kedere, èmi ni wọ́n ń yìn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, obìnrin kékeré kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè ló gba ipò rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọdé wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n gbé pẹ́dàlì kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, kí n gbé e sábẹ́ ẹsẹ̀ tèmi.

"Tí mi ò bá béèrè, má tẹ̀ ẹ́," ló wí.

Ó wá mú ẹ̀rọ scan, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá òkúta láti ẹ̀yìn ọmọ náà. Ó ṣàlàyé fún wa pé scan kò ní ìtànṣán kankan, pé ohùn ni, ohùn tí etí èèyàn ò lè gbọ́. Ó ní ara ọmọdé ṣì ń dàgbà, ìtànṣán lè ṣe é níbi ju àgbàlagbà lọ. Pẹ̀lú ìyẹn, ẹni tí òkúta bá mú ní kékeré, ó ṣeé ṣe kó tún mú un lọ́jọ́ iwájú; wọ́n á tún yà á, wọ́n á tún yà á, gbogbo rẹ̀ á sì máa kó jọ sínú ara kan náà.

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn. Wákàtí méjì ni mo fi dúró nínú ẹ̀wù òjé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan. Nígbà tá a parí, ó yíjú sí mi, ó ní, "O ṣeun gan-an, o ṣiṣẹ́ dáadáa." Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Kò pẹ́ tí mo fi yí padà. Mo kọ́ bí mo ṣe lè dín ojú ìtànṣán kù kó má kọjá ibi tí òkúta wà, àti bí mo ṣe lè fi àwòrán tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n kí dókítà máa wò ó, ká má tún ya òmíràn. Bí èmi tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa ya X-ray ṣe di ẹni tínú rẹ̀ ń dùn lọ́jọ́ tí kò bá yà á nìyẹn.

Lákòókò yẹn ni ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọmọ arábìnrin kan nínú ìjọ aládúrà wa ní Thamesmead. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin náà, ó máa ń rojọ́ bíi lọ́yà. Ìyá rẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Bó ṣe gba omi àdúrà gbọ́ ló ṣe gba ọsibítù gbọ́: ó gbà pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Lọ́jọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìsìn, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Auntie, wọ́n ti rí òkúta nínú kíndìnrín ọmọ mi, ọ̀dọ̀ yín sì ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Ọlọ́run ló fi yín síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà á dáadáa. Ẹ má fi ibì kankan sílẹ̀ o."

"A máa ṣe ohun tó yẹ," ni mo dá a lóhùn, mo sì rò pé a ti gbọ́ra wa yé.

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo mọ ọmọ náà. Ó ní bí ìyá rẹ̀ ò bá kọ̀, kò sí wàhálà. Ìyá ò kọ̀. Ó tiẹ̀ ti sọ fún gbogbo ìjọ.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, kí wọ́n tó fún ọmọ náà lóògùn oorun, ó wo ẹ̀rọ mi.

"Auntie, ṣé ìwọ lo ni camera yẹn?"

"Èmi ni."

"It's massive. Ṣé ó máa dùn mí?"

"O ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Òótọ́ ni mo sọ. Dókítà fi scan wá òkúta náà rí, ó fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn wọlé, ó fọ́ òkúta náà, ó sì ń yọ ọ́ ní wẹ́wẹ́ jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ní kí n tẹ pẹ́dàlì. Tá a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kò pẹ́ tó kéèyàn sín lẹ́ẹ̀mejì. Orí mi wú. Láti ọjọ́ tí mo ti yege ìdánwò iṣẹ́ yìí, inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gba wọ́ọ̀dù lọ kí ìyá ọmọ.

"Auntie, ẹ kú iṣẹ́. Mélòó lẹ yà?"

Mo na ìka mẹ́ta sókè tẹ̀ríntẹ̀rín. "Mẹ́ta péré!"

Ojú rẹ̀ yí padà. "Mẹ́ta? Nínú gbogbo wákàtí yẹn? Kí ni wọ́n wá fi ń ríran?"

"Scan ni."

"Scan aboyún?" Ìyá tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú sí wa. "Auntie, ojú yín ni wọ́n ṣe fi scan aboyún ṣiṣẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Tó bá jẹ́ ọmọ òyìnbó ńkọ́, ṣé mẹ́ta ni wọ́n máa yà?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Ó ń gbọ́ mi bí ẹni tó ń gbọ́ àwáwí onílé.

"Nígbà tí apá mi kán l'Ékòó," ló wí, "X-ray tí wọ́n yà fún mi kún àpòòwé méjì. Mo ṣì ní wọn nílé."

Ọmọ náà lanu lórí bẹ́ẹ̀dì. "Mummy, less is better. O ò gbọ́ ohun tí Auntie ń sọ ni?"

"Ìwọ dákẹ́, ẹ̀yìn rẹ ni wọ́n dá lu."

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ ti dé gbogbo ìjọ. Arábìnrin kan dá mi dúró ní Powis Street, ó ní kí n má bẹ̀rù àwọn ọ̀gá mi, àwọn ń gbàdúrà fún mi. Òmíràn fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ fún mi pé, "Auntie, ẹ ò bá ti yọ́ ọ tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí dókítà yíjú." Ìyá ọmọ kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí ọsibítù pé wọ́n fi X-ray du ọmọ òun. Dókítà kà á, kò bínú. Ó ní nínú gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n ti fi kan òun rí, èyí nìkan ló ń wu òun láti gbé kọ́ sára ògiri.

Nígbà tí wọ́n padà wá fún àyẹ̀wò, dókítà tún fi scan wò ó: kíndìnrín mọ́ tónítóní. Ó tẹ àwòrán náà jáde fún ìyá rẹ̀, ó jókòó tì í, ó tún ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ló sọ fún mi pé Mummy kàn ń mi orí ni.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ìyá náà jáde wá jẹ́rìí. Ó gbé àwòrán náà sókè, dúdú àti eérú lásán.

"Ẹ wò ó! Wọ́n wá òkúta, wọn ò rí òkúta! Ẹ̀rọ X-ray ò dún ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tí Olúwa fi yọ́ ọ dànù!"

Ìjọ pariwo Halleluyah. Ó nawọ́ sí mi. "Auntie wà níbẹ̀, àwọn lẹlẹ́rìí mi. Auntie, ṣé irọ́ ni mo pa?"

Mo dìde nínú sùtánà funfun mi. Mo rántí dókítà obìnrin kékeré yẹn, bó ṣe dorí kodò sórí abẹ́rẹ́ fún wákàtí méjì.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni lóòótọ́," ni mo wí. Ìjọ tún pariwo. Ọmọ náà wò mí, ó yí ojú rẹ̀ sókè.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá rẹ̀ wá dì mọ́ mi.

"Auntie, ẹ má bínú lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìbàdí ló ń dùn mí, níbi tí mo ti ń gbé àwọn arúgbó yẹn. Ṣé ẹ lè bá mi ya èmi náà? Kẹ́ ẹ sì yà á káàkiri o."

Mo ní kó kọ́kọ́ lọ rí GP rẹ̀, dókítà àdúgbò.